Ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ní láti kọ́

Kéèyàn mọ aṣọ rán lọ́tọ̀, kó mọ ọmọ iṣẹ́ kọ́ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ télọ̀ ẹgbẹ́ mi ní Ìkòròdú níbí máa bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tí gbogbo wa gbà ni pé tí ọwọ́ ọ̀gá bá ti mọ́, tí àgbádá ẹ̀ ń jókòó dáadáa léjìká oníbàárà, ọmọ tó bá ṣáà ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀ fọ́dún mẹ́ta máa gbọ́ iṣẹ́ ni dandan. Irọ́ kọ́ o, àwọn kan ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, èmi alára bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ò gbọ́ ọ ńkọ́? Àwọn tó ṣe fírídọ̀mù, tí wọ́n se ráìsì, tí wọ́n fi téèpù kọ́rùn ya fọ́tò pẹ̀lú màmá wọn, tó wá jẹ́ pé kí ọdún tó yí po wọ́n ti wà nídìí POS tàbí kí wọ́n máa wa Màrúwá láti Sábó lọ Ìtámágà, ta ló ń ka tiwọn mọ́ iṣẹ́ ọ̀gá?

Aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán, bùbá àti ṣòkòtò, dàńṣíkí, àgbádá, àti èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní senator. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Ìta Ẹlẹ́wà. Ní Sábó ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tí ọwọ́ wọn kì í ṣe ọwọ́ lásán. Bàbá yẹn kì í fa ìlà tó pọ̀ sára gíní, wọ́n á ká aṣọ náà sí mẹ́rin, wọ́n á fi èékánná tẹ ibi méjì mẹ́ta, sísọ́ọ̀sì á wọlé, kò sì ní dúró títí á fi jáde lódì kejì. Tó o bá fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí wọ́n máa gé sí, ohun tí wàá gbọ́ ni "Ṣé o ò lójú ni?" Tó o bá tún un bi, rúlà onígi ló máa dá ẹ lóhùn lórí eegun ọwọ́.

Mi ò fẹ́ kẹ́nì kan rò pé mò ń bú bàbá yẹn o. Ohun tí wọ́n fún mi pọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ò fọwọ́ kan máṣíìnì rárá, ilẹ̀ ni mò ń gbá, omi ni mò ń pọn, mò ń sáré lọ ra òwú, mò ń kó iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mò ń gán bọ́tìnnì, mò ń fọwọ́ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Àmọ́ láàárín ìgbà yẹn náà ni etí mi mọ máṣíìnì, débi pé tí òwú bá fẹ́ já mo ti máa ń mọ̀ kó tó já, torí ohùn ẹ̀ máa ń yí. Ojú mi náà ti mọ bí ojú rírán tó dáa ṣe ń rí tipẹ́ kí ọwọ́ mi tó lè ṣe é. Ìyẹn, kò sí ilé ẹ̀kọ́ fáṣọ̀n tó lè fi oṣù mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn tó ń lẹ páálí "oṣù mẹ́ta péré lo máa mọ gbogbo ẹ̀" mọ́ òpó iná lójú ọ̀nà Ṣágámù má bínú sí mi. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé, nínú gbogbo àwa tá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn yẹn, àwọn tí ojú wọn yára nìkan ló gbọ́ ọ. Àwọn yòókù, wọ́n ní olódo ni wọ́n, àwọn náà sì gbà pé olódo làwọn, wọ́n gbé téèpù wọn, wọ́n lọ.

Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lójú ni ìgbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yan iṣẹ́ lódì ní 2022. Ẹ rántí, oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn òbí ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ọmọ ṣe nílé, ni wọ́n bá ń kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń lọ UNILAG, àwọn tó ń lọ Abẹ́òkúta, "ọ̀gá, ẹ ṣáà jẹ́ kọ́wọ́ ẹ̀ dí". Ọmọ iṣẹ́ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé pé ẹnu ọmọ iṣẹ́ kì í gùn. Àwọn ọmọ yunifásítì wọ̀nyí ò mọ ìyẹn o, "kí ló dé, sà" ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí orí apá senator fi gùn ju ojú tá a fẹ́ rán an mọ́ lọ, pé òun rí i pé ti bùbá ṣe déédéé, apá bùbá gún gbọọrọ ni, kí ló wá ṣe senator. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó ní ẹ ṣé sà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́: apá senator gùn ju ojú ẹ̀ lọ, ìdí ẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ náà ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, èsì ló pè é. Ìgbà tí mo yọjú wo ìwé yẹn ni mo rí i pé mi ò sọ nǹkan kan.

Ìdí ẹ̀ sì wà. Èjìká èèyàn ò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yọ róbótó síta, ọwọ́ sì máa ń na síwájú ju ẹ̀yìn lọ. Tí orí apá aṣọ ò bá fi bí íǹṣì kan tàbí kó lé díẹ̀ gùn ju ojú ẹ̀ lọ, ká wá sún un kì mọ́ra láìjẹ́ kó hunjọ, aṣọ á máa fa oníbàárà lẹ́yìn nígbàkigbà tó bá nawọ́ gba nǹkan. Bùbá ò nílò ìyẹn torí ó fẹ̀, abíyá ẹ̀ rẹlẹ̀, ara ń rìn nínú ẹ̀ bó ṣe wù ú. Gbogbo èyí wà lọ́wọ́ mi, àimọye senator ni mo ti rán tí ò fa ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, kò kàn sí lẹ́nu mi ni.

Ìkòròdú lẹ ń gbọ́ yìí, tí wọ́n bá kéde orò, obìnrin ò ní jáde. Obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ aṣọ ọkùnrin là ń rán, torí ẹ̀ ọjọ́ orò, ṣọ́ọ̀bù á pa lọ́lọ́. Mo wá fi ọjọ́ orò kan jókòó ti máṣíìnì, mo tan rẹkọ́dà fóònù, mo ń rán apá senator kan díẹ̀díẹ̀, òfin tí mo ṣe fúnra mi ni pé gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá ṣe, ẹnu mi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ọwọ́ tó tún ṣe òmíì. Ẹ dán an wò nídìí iṣẹ́ tiyín, ẹ máa rí i pé kò yá rárá. Ọwọ́ mi á ti ṣe nǹkan mẹ́ta kí ẹnu mi tó rí ọ̀rọ̀ fún ẹyọ kan, mo ní láti máa dúró, kí n máa wo ọwọ́ ara mi pé ìwọ, kí lo ṣe yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i pé èmi, tí mo bá fẹ́ rán apá mọ́ aṣọ, apá ni mo máa ń fi sísàlẹ̀, ara aṣọ ni mo máa ń fi sókè. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bàbá Sábó ò sọ ọ́ fún mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìdí ẹ̀ rèé: eyín máṣíìnì, irin ṣákiṣàki tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì yẹn, òun ló ń fa aṣọ lọ sẹ́yìn. Aṣọ ìsàlẹ̀ tó fara kan eyín yẹn ló ń bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ti òkè, ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń dá a dúró díẹ̀. Torí ẹ̀ tó o bá fi èyí tó gùn sísàlẹ̀, máṣíìnì fúnra ẹ̀ ló máa bá ẹ gba àlékún ẹ̀ wọlé. Tó o bá fi sókè, á kó jọ síwájú ẹsẹ̀, á hunjọ, wàá máa fà á, wàá máa làágùn. Mo wá rántí gbogbo àwọn ọmọ tí apá aṣọ wọn ń hunjọ, tá à ń pè wọ́n ní ọlọ́wọ́ líle. Ọwọ́ wọn ò le o, òkè ni wọ́n fi apá sí.

Ìyẹn nìkan ni mo fi ń bi ara mi léèrè pé mélòó ló tún wà bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé tí mo bá ti mọ ohun tí mo máa sọ, ìṣòro ti tán. Àṣé ìdajì nìyẹn. Ìdajì kejì, òun ló le fún mi jù, òun sì ni gbogbo ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí: ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀gá kì í gbé jẹ́ẹ́. Ọmọ kan á jókòó ti kóláà, á máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀, igun kóláà á fẹ́ ya gọ̀ọ̀gọ̀, àyà mi á já, kí n tó mọ̀ mo ti ní "gbé e wá", mo ti gbà á, mo ti rán an tán, ó sì dáa. Oníbàárà dunnú. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n kí ló kọ́? Ohun tó kọ́ ni pé tó bá ti dé igun, ọ̀gá máa gbà á. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó mọ gbogbo nǹkan rán dé igun, tó bá kan igun á gbójú sókè máa wò mí. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹlòmíì.

Mo wá ọgbọ́n dá sí i. Tí ọmọ bá ń gé aṣọ tàbí tó ń rán ibi tó le, tẹ̀sùbáà ni mo máa ń mú dání. Ọwọ́ méjèèjì á dí, mi ò ní rí ọwọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ tuntun kan pé tó bá ti rí i tí ọ̀gá mú tẹ̀sùbáà, kó fara balẹ̀, ibi tó le lo dé yẹn. Kì í ṣe pé mò ń díbọ́n o, tó bá jẹ́ gíní gidi ni wọ́n ń gé, àdúrà tòótọ́ ni mò ń gbà. Rúlà onígi náà ò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, oníke ni gbogbo ẹ̀, èyí tó tẹ̀ kọdọrọ tí wọ́n fi ń fa ojú abíyá, ẹ ò lè fi na ẹnikẹ́ni kó dùn ún.

Àwọn kan máa ní kí ló dé tí mi ò kàn jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́, ìbàjẹ́ ni wọ́n máa fi kọ́gbọ́n. Aṣọ ta ni wọ́n máa bà jẹ́? Àgbádá kan pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà, yáàdì mẹ́wàá ló máa ń lọ sí i fún àgbàlagbà, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta gíní tó dáa báyìí kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Torí ẹ̀ ìwé ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì òkìrìkà, ó fẹ̀, kò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo fẹ́ kí ọmọ tètè ní àkísà tiẹ̀, àpò kọ̀ọ̀kan wọn wà lábẹ́ tábìlì, gbogbo apá tó hunjọ, gbogbo kóláà tó wọ́, inú ẹ̀ ló ń lọ, mi ò jẹ́ kí wọ́n dà á nù.

Lórí títú náà, mo ní òfin kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú réésà tú nǹkan títí á fi sọ ohun tó fà á fún mi. Ọmọ máa ń yá láti tú, ojú ń tì í, ó fẹ́ kó kúrò ńlẹ̀ kẹ́nì kan tó rí i, á tú u kíákíá, á sì tún rán an bákan náà. Torí ẹ̀ a máa gbé e sórí tábìlì, a máa wò ó, kí ló ṣe é? Tó bá ní òun ò mọ̀, kó jókòó tì í, kò kánjú. Inú wọn kì í dùn sí i. Àwọn oníbàárà náà kì í fẹ́ràn ẹ̀, ẹni tó bá a níbẹ̀ á ní ọ̀gá, ẹ tètè bá mi tú u kẹ́ ẹ fún mi ní nǹkan mi, Jímọ̀ ni òde ìyàwó yẹn o.

Ọjọ́ Sátidé ló dùn jù. Kí n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn mo ti máa ba máṣíìnì kan jẹ́. Mo lè kọ ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ síwájú, mo lè tú tẹ́ńṣọ̀n tó ń mú òwú le, mo lè fi abẹ́rẹ́ tó ti kú sí i, mo lè fi bọ́bìnì tí òwú ìsàlẹ̀ wà lára ẹ̀ sódì. Wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi kí wọ́n rán ìlà kan sórí àkísà, kí wọ́n wo ojú rírán náà, kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é. Òwú ló ń sọ ọ́: tí òwú bá ń kó jọ rẹpẹtẹ nísàlẹ̀ aṣọ, òkè ni ẹ máa wò, òwú òkè ni wọn ò kì dáadáa tàbí tẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ dẹ̀, tó bá jẹ́ òwú ìsàlẹ̀ ló ń yọjú sókè, ẹ lọ wo kéèsì bọ́bìnì tàbí kẹ́ ẹ dẹ tẹ́ńṣọ̀n òkè, tó bá ń fò, tó ń rán méjì tó ń fo ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, kò sí lójú ẹ̀ tàbí ó ti kú. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ìsàlẹ̀ ló bàjẹ́ tí ìsàlẹ̀ bá bàjẹ́, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbà.

Nídìí ẹ̀ náà ni mo ti máa ń sọ ìtàn abẹ́rẹ́ fún wọn. Abẹ́rẹ́ ọwọ́, ìdí ni ojú ẹ̀ wà, ti máṣíìnì, ẹnu ṣóńṣó níbi tó ti ń gún aṣọ ni ojú ẹ̀ wà, torí pé òwú méjì ló ń rán an, abẹ́rẹ́ á gbé òwú òkè lọ bá ti bọ́bìnì nísàlẹ̀, wọ́n á kọ́ ara wọn, á padà. Elias Howe ló gba ìwé ẹ̀tọ́ sí irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1846, Isaac Singer tí gbogbo wa mọ orúkọ ẹ̀ gba tiẹ̀ ní 1851. Nọ́ńbà tó wà lára páálí abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n kọ 90 pẹ̀lú 14, 90 yẹn ni pé abẹ́rẹ́ náà nípọn tó 0.9 mílímítà. 14 ni mo máa ń fi rán gíní, tó bá jẹ́ léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mo máa bọ́ sí 11, tó bá jẹ́ aṣọ òkè, 16. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń parí iṣẹ́ láìmọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́, ẹyọ abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń rán gbogbo nǹkan, tó bá wá ń fò wọ́n á ní máṣíìnì ti lẹ́mìí.

Ohun tó tún là mí lójú jù ni pé èmi náà lọ kọ́ṣẹ́. Àgbà yìí náà. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ sórí ìwé kí wọ́n tó gé e, èyí tí bàbá Sábó ò ní fẹ́ gbọ́ rárá, torí lójú tiwọn ẹni tó bá fi ìwé gé aṣọ ò tíì mọṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ló ń kọ́ wa, ní ibì kan lójú ọ̀nà Àyáńgbùrẹ́n, kò ju ẹgbẹ́ àbúrò àkọ́bí mi lọ. Kò yájú o, tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, "Dádì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n." Ṣùgbọ́n ó máa jẹ́ kí n tún un wọ̀n. Mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ, mo mọ ohun tí èjìká jẹ́, mo mọ ohun tí àyà jẹ́, síbẹ̀ pẹ́ńsù yẹn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tó bá sọ nǹkan mẹ́ta pọ̀, ti àkọ́kọ́ á ti bọ́ lórí mi kó tó sọ ẹ̀kẹta. Mo wá wo ara mi tí mò ń làágùn níwájú ìwé funfun, mo ní háà, báyìí lara àwọn ọmọ yìí ṣe ń gbọ̀n lọ́dọ̀ mi.

Nǹkan méjì ni mo jí lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ìkíní, kì í sọ ju nǹkan kan lọ lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́, á dákẹ́, á dúró dè mí, dídákẹ́ yẹn náà wà lára iṣẹ́ ẹ̀. Ìkejì, mi ò gbọ́ ọ kó sọ pé "ó rọrùn". Èmi, òun ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, "wò ó, ó rọrùn", mo rò pé mò ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀. Ṣé ẹ rí i, tó bá rọrùn tí mi ò sì lè ṣe é, kí ni mo wá jẹ́? Tó bá le tí mo sì ṣe é, èèyàn ni mí. Mo ti fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá sọ ọ́ fún ọmọ tuntun ló máa ra pí-wọ́tà fún gbogbo ilé, èmi náà ti rà á.

Ọmọ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Láti Ìgbógbó ni màmá ẹ̀ ti mú un wá, ohun tí màmá náà kọ́kọ́ sọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó ni pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó ń dójú tì mí." Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, wọn kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo sọ fún màmá pé tó bá fẹ́ kí àgbà, kó fọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ló fún un, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kàn dákẹ́ ni.

Sísọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dá a láàmú. Gbogbo sísọ́ọ̀sì tí à ń rà lọ́jà, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Tí ọlọ́wọ́ òsì bá mú un, ojú irin tó wà lókè á bo ìlà ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn lójú, ọwọ́ ẹ̀ á sì máa ti irin méjèèjì kúrò lára ara wọn, torí ẹ̀ aṣọ á máa há síbẹ̀, kò ní gé. Àwọn tó kù ní ọmọ yìí ò lágbára. Mi ò rí àlàyé ṣe fún un torí ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n, èmi pẹ̀lú gbogbo rẹkọ́dà tí mo ti ṣe. Mo ní kó máa gé bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì lọ, kó máa yí ọwọ́ padà títí á fi rí i. Òun fúnra ẹ̀ ló rí i, ó ń fi àtàǹpàkò ti irin kan mọ́ èkejì lára, ó sì gbórí sápá òsì kó lè yọjú rí ìlà. Tó bá di ọ̀rọ̀ fífi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ lónìí, tí ọlọ́wọ́ òsì bá wá sọ́dọ̀ mi, òun ni mò ń ránṣẹ́ sí. Tá a bá ń fọwọ́ gán nǹkan, mi kì í jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti àwọn yòókù, iwájú ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí kó kọjú sí mi, bó bá ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń fi òsì tiẹ̀ ṣe é, kò nílò kó rò ó mọ́. Nídìí máṣíìnì sì rèé, apá òsì abẹ́rẹ́ ni aṣọ máa ń tẹ́ sí, ọwọ́ òsì ló ń darí ẹ̀. Ìlà ọmọ yẹn gún ju ti gbogbo wọn lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mò ń tú àṣírí iṣẹ́. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa fi nǹkan kan pamọ́, pàápàá ojú ọrùn àgbádá, pé tí ọmọ bá mọ gbogbo ẹ̀ tán, iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ ló máa wá dúró sí. Àṣírí wo gan-an? Tó o bá gé ojú ọrùn àgbádá sáàárín gbùngbùn, tí iwájú àti ẹ̀yìn jìn bákan náà, á máa fún oníbàárà lọ́rùn, aṣọ á máa fà sẹ́yìn, torí iwájú ni ọrùn èèyàn yọ sí, iwájú ló gbọ́dọ̀ jìn jù. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tí ò tíì gé e sórí àkísà lọ́pọ̀ ìgbà ò lè gbà mí ní oníbàárà kankan. Mo tún rí i pé àwọn tó ń fi nǹkan pamọ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn, bí tèmi ló ṣe rí, wọn ò fi pamọ́, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ni, àṣírí ló wá rọ̀ wọ́n lẹ́nu láti pè é.

Ọmọ Ìgbógbó yẹn ti ṣe fírídọ̀mù, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ nílé, aṣọ obìnrin ló yà sí, tí wọ́n bá gbé àgbádá wá bá a, ọ̀dọ̀ mi ló ń darí wọn sí. Òun náà ti ń kọ́ ọmọ, kò sì fara mọ́ òfin títú mi rárá. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ tuntun jókòó ti aṣọ tó bàjẹ́ títí á fi mọ ohun tó fà á, pé ìtìjú ló ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́, pé òun fúnra òun lòun ń tú u lójú wọn nígbà àkọ́kọ́, òun á máa sọ ohun tóun ń rí, ìgbà kejì ni wọ́n máa tó dá a ṣe. Ó ní ọjọ́ tóun jókòó ti kóláà kan lọ́dọ̀ mi di ìrọ̀lẹ́, ojúlówó ẹkún lòun ń sun nínú, mi ò sì mọ̀. Mo ní ṣé kóláà ẹ ti wá wọ́ rí látìgbà yẹn? Ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń sọ, sà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó wá yá sítéè kóláà lọ́wọ́ mi la tún fa ọ̀rọ̀ náà, ó mú ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan dání, ọmọ yẹn ń wojú mi, ó ń wojú ọ̀gá ẹ̀, a fà á títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò gbà fún mi, èmi náà ò sì tíì gbà fún un.